Orin Ìfẹ́ Tí Àwọn Tòlótòló Kọ fún Ẹni Tí Wọn Ò Mọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ohùn Lemuel Gaskins kẹ̀, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò kẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ohùn wọn máa ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ó fi ohùn ọmọdé sùn lọ́jọ́ Ajé; nígbà tó jí, ó pe màmá rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi wá ìbọ̀sẹ̀ mi." Màmá rẹ̀ fa ìgbálẹ̀ yọ, ó já wọ yàrá, ó ní, "Bàbá arúgbó wo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi?"

Láti ọjọ́ náà ni ohùn yẹn ti wà níbẹ̀, tí ara ò sì bá a dé ibi tó lọ. Lemuel gbẹ bí igi ìdáná. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó lè yíjú sọ́tùn-ún kí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa wo iwájú. Àmọ́ tó bá ti la ẹnu, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá ńlá nínú ihò ilẹ̀. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì, olùtajà á na ọrùn, á máa wá ọkùnrin gìrìwò tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ṣe "Àmín" ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ọwọ́ á bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì gbọ́ ohùn Lemuel ni.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, lọ́dún 1956, ó ń fi áyọ̀nù lọ ṣòkòtò ní ilé ìfọṣọ kan ní ìwọ̀-oòrùn Baltimore. Iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí pé ṣòkòtò kì í béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Vashti Pinkney.

Vashti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé àjẹun kan, òun ló sì máa ń kó épírọ́ọ̀nù funfun ibẹ̀ wá fọ̀ lọ́jọọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, tó fi ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì wo Lemuel, tó bi í pé ìgbà wo ni aṣọ máa ṣe tán, ẹ̀rù ba Lemuel. Ó rò ó pé bí òun bá fi ohùn yìí dáhùn, ọmọbìnrin náà á sá jáde. Ló bá mi orí, ó mú bírò, ó kọ "Ọjọ́ Ẹtì" sórí ìwé, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ah," Vashti sọ jẹ́jẹ́, àánú sì ṣe é. "Odi ni."

Kí Lemuel tó mọ ohun tí yóò ṣe, ó ti pẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Vashti dé, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń pariwo ketekete bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò: "ÉPÍRỌ́Ọ̀NÙ MẸ́JỌ! ÀBÀWỌ́N ỌBẸ̀ WÀ LÁRA Ọ̀KAN!" Lemuel mi orí. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń ṣe odi. Kò sí bó ṣe lè ṣàdédé la ẹnu mọ́.

Orin ló fi ń pa ìrònú rẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló jọ ń kọrin tí ẹnì kan á máa lé, tí ẹni méjì á máa gbè é láàárín, tí ẹni ìkẹrin á máa ṣe "bọ́ọ̀m-bọ-bọ́ọ̀m" nísàlẹ̀. Percival Broadus ló ń lé. Ọmọkùnrin tó rẹwà ni Percival, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń fi kóòmù gbígbóná na irun rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí yóò fi máa dán bí bàtà tuntun. Bí òjò bá ṣú, ẹ ò ní rí Percival níta. Àwọn ìbejì Mabry, Thaddeus àti Otha, ló ń gbè. Àwọn yìí kò tíì fẹnu kò lórí nǹkan kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Àní lórí ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn, ìjà ni. "Bọ́ọ̀m-bọ-bọ́ọ̀m" ni ti Lemuel.

Bàbá àwọn ìbejì, Ọ̀gbẹ́ni Mabry, ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánrawò. Kì í ṣe pé ibòmíràn kò sí. Táìsì ni wọ́n fi bo ògiri ibẹ̀ látòkè délẹ̀, ohùn sì máa ń dún padà níbẹ̀ bí ẹni pé àwọn áńgẹ́lì ń gbè é. Àyè ẹnì kan ààbọ̀ ni, àwọn mẹ́rin ló ń wọ ibẹ̀. Percival á kọjú sí dígí, àwọn ìbejì á fún ara wọn mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ omi, Lemuel á jókòó sórí ọmọrí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn oníbàárà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n á tò síta, wọ́n á máa pa ẹsẹ̀ pọ̀.

Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ olórin tí kò bá jẹ́ orúkọ ẹyẹ, wọn kì í kà á sí ẹgbẹ́. Wọ́n wá ẹyẹ títí. Gbogbo ẹyẹ tó gbayì ni ẹgbẹ́ kan ti mú lọ, látorí èyí tó ń kọrin dórí èyí tó ń jẹ ẹja.

"Igún ló kù," Thaddeus wí.

"Adìyẹ ló kù," Otha dá a lóhùn.

Ọ̀kín ni Percival fẹ́. Lemuel, tí ebi ń pa, ní, "Tòlótòló ńkọ́?" Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò yanjú, wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, wọ́n kó o sínú fìlà, wọ́n ní kí oníbàárà kan tó ń dúró láti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fa ọ̀kan yọ. Tòlótòló ló fà.

"Ọmọbìnrin wo láyé yìí ló máa dákú nítorí tòlótòló?" Percival ń ké.

"Mo ti fà á, mo ti fà á," ọkùnrin náà sọ. "Ẹ jẹ́ n wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Bí wọ́n ṣe di Àwọn Tòlótòló nìyẹn. Ó wá ku orin tiwọn gan-an, orin ìfẹ́ tó ní orúkọ obìnrin nínú, torí pé èyí tí kò bá ní orúkọ obìnrin, rédíò kò ní fi etí sí i.

"Doretha la máa pè é," Percival wí. "Èmi ni mò ń lé orin, ọ̀rẹ́bìnrin mi la ó dárúkọ."

"Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ toṣù yìí àbí toṣù tó kọjá?" Thaddeus bi í. "Wilma ni. Wilma rọ̀ lẹ́nu."

"Wilma dà bí orúkọ oògùn inú rírun," Otha sọ. "Estella ni."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Ṣé torí Estella ń ra sokoléètì fún ẹ?"

"Ó kúkú ń rà á. Kí ni Wilma ń rà fún ìwọ?"

Ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ kan ọwọ́ nínú àyè ẹnì kan ààbọ̀ yẹn nígbà tí Lemuel là á láti orí ìjókòó rẹ̀. "Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́. *Dor* lára Doretha, *wil* lára Wilma, *la* lára Estella. Dorwilla. Kò sí ẹlẹ́ran ara tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

Percival tọ́ ọ wò lẹ́nu: "Dor-wil-laaaa." Táìsì dá a lóhùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ parí.

Lemuel ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu iṣẹ́, sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń gba aṣọ. Orúkọ Dorwilla ló ń kọ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé àti épírọ́ọ̀nù funfun ló wà lójú rẹ̀.

*Dorwilla, Dorwilla, yọjú lójú fèrèsé,*
*Oorun ò kùn mí, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun,*
*Bí o bá ní kí n máa lọ, ẹsẹ̀ mi ò ní gbọ́,*
*Bí o bá ní kí n dúró, mo ti dúró tipẹ́.*

Láàárín orin náà, gbogbo wọn á rẹ ohùn sílẹ̀, Lemuel á wá sọ̀rọ̀ lásán, láìkọ ọ́ lórin: "Dorwilla, ọ̀wọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́ lókèèrè. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ míì ló ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Lónìí, mo sọ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Rufus Applewhite ló bá wọn gbà á sílẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń tún bàtà ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń ṣe àwo orin. Onílù tí wọ́n bẹ̀ kò wá. Applewhite ní kò burú, ó mú òòlù, ó sì ń kan gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan tó fẹ́ gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó-kó-kó, látìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Bàtà yẹn lẹ máa gbọ́ lórí àwo náà tí ẹ bá tẹ́tí. Kì í ṣe ìlù.

Rédíò gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́sàn-án, láàárín ìpolówó ọṣẹ àti ìpolówó ìsìnkú. Ojú títì gbọ́ ọ. Doretha gbọ́ ọ, ó bi Percival pé ta ni wọ́n ń pè ní Wil. Wilma gbọ́ ọ, ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta kì í ṣe ìfẹ́. Estella ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn dá sokoléètì dúró. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àwọn Tòlótòló wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mabry fi ìdí ọ̀bẹ ìfárí kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jáde," ó ní. "Dorwilla dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ yéé," Otha wí.

"Mo ní ẹ jáde. Ó gbé páì dání."

Obìnrin tó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù náà á tó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ga, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, èso àjàrà oníke sì ṣù jọ sórí fìlà rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e lọ sọ́jà. Páì ọ̀dùnkún wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ mímọ́ ló fi bò ó. Gbogbo ọkùnrin tó wà lórí àga ti yọ fìlà.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Dorwilla Spriggs lorúkọ mi. Dorsey ni bàbá mi, Willa ni màmá mi. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń dá orúkọ yìí jẹ́, n kò gbọ́ ọ rí lára ẹlòmíràn. Àfi lọ́jọ́bọ̀, tí mò ń bó alákàn níwájú rédíò, tí ọkùnrin kan pè mí ní ọ̀wọ́n rẹ̀." Ó gbé ojú wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. "Èwo nínú yín ló sọ̀rọ̀ láàárín orin?"

Ìka mẹ́ta nà sí Lemuel. Màmá Dorwilla bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fi àgbà ṣeré. Ohùn Díkónì Crump nìyẹn. Mo mọ ohùn Díkónì Crump bí mo ṣe mọ ìkòkò ọbẹ̀ mi. Níbo lẹ fi í pamọ́ sí?"

"Èmi ni, mà," Lemuel wí.

Páì fẹ́ẹ̀ bọ́. Màmá náà wo ẹ̀yìn Lemuel, ó wo abẹ́ àga, ó tún wo Lemuel. "Tún un sọ."

"Èmi ni mo sọ ọ́, mà. Ẹ dákun. A ò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ ẹ ni."

Obìnrin náà jókòó sórí àga ìgẹrun tó ṣófo. Àwọn èso àjàrà orí rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. "Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wò mí lókèèrè. Ta ni kò ní rò pé Crump ni? Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yẹn ti ń sìn mí délé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì sọ nǹkan kan rí ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. 'Òjò máa rọ̀, Arábìnrin Spriggs.' 'Oòrùn mú lónìí, Arábìnrin Spriggs.' Ọmọ mi, mo lójú. Mo rí oòrùn." Ó nu ojú. "Mo wá gbọ́ ohùn yẹn, mo ní, Josephus Crump ti la ẹnu nígbẹ̀yìn. Mo jí ní aago márùn-ún, mo ṣe páì."

Ó dìde, ó gbé páì rẹ̀, ó jáde.



"Ó gbé páì lọ," Otha wí.

"Ṣé kó fi sílẹ̀ fún ẹ ni?" Thaddeus bi í.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Lemuel. Lọ́jọ́ Ajé, Vashti wọlé, ó pariwo pé épírọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni, ó fi ìka mẹ́wàá hàn án, ó sì lọ. Lemuel dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà títí áyọ̀nù fi jó ṣòkòtò pásítọ̀ kan mọ́lẹ̀. Òun mọ bó ṣe ń rí kí ọ̀rọ̀ há sí èèyàn lọ́fun. Bó ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, ó gba ilé Díkónì lọ.

Díkónì Josephus Crump ti fi ogójì ọdún ru ẹrù àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta mábù funfun iwájú ilé rẹ̀, agbòjò dúdú kan wà lórí itan rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé sánmà mọ́ kedere.

"Ẹ káalẹ́, sà," Lemuel kí i. "Lemuel Gaskins ni mí."

"Òjò ò ní rọ̀ lónìí," Díkónì dá a lóhùn. Ohùn méjèèjì pàdé, dígí fèrèsé ìsàlẹ̀ gbọ̀n, ajá kan dìde kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Díkónì wá fojú sílẹ̀. "Dúró ná. Mo mọ ohùn yẹn. Ìwọ lò ń pe Arábìnrin Spriggs ní ọ̀wọ́n rẹ lórí rédíò?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, sà..."

"Ọmọ tí ò tíì hu irùngbọ̀n!" Agbòjò ti lọ sókè. "Opó ọlọ́wọ̀! Obìnrin inú Olúwa!"

Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà. Lemuel sá yí ọkọ̀ kan tó dúró síbẹ̀ po, Díkónì ń lé e. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ó rẹ Díkónì, ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ó rẹ Lemuel náà. Wọ́n jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ó rò pé ẹ̀yin ni, sà," Lemuel sọ nígbà tó rí èémí mú.

"Pé èmi ni kí ni?"

"Pé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ nínú orin. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé páì wá."

Díkónì yíjú sí i. "Páì kí ni?"

"Ọ̀dùnkún, sà."

"Háà," Díkónì wí. Ó gbé agbòjò sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Mo ti gbìyànjú, ọmọ. Olúwa mọ̀. Mo máa ń rò ó látàárọ̀. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo la ẹnu, ojú ọjọ́ ló ń jáde."

"Odi lèmi ń ṣe ní tèmi, sà," Lemuel wí, ó sì sọ ti Vashti fún un. Bàbá arúgbó náà gbọ́ ọ títí, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Oṣù mẹ́jọ?"

"Oṣù mẹ́jọ, sà."

"Ìwọ burú jù mí lọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dìmọ̀ pọ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Àwọn Tòlótòló á wá kọrin náà níwájú ilé Màmá Dorwilla, Díkónì fúnra rẹ̀ á sì sọ ọ̀rọ̀ àárín. Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Díkónì ò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọlé. Ejìká rẹ̀ há, Percival tì í látinú, àwọn ìbejì fà á látìta, àwọn oníbàárà ń gbàdúrà. Wọ́n padà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti kan ọ̀rọ̀ àárín, Díkónì á fọwọ́ lé àyà, á ní, "Dorwilla, ọ̀wọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí... tí ìkùukùu ti ń pọ̀."

"Kì í ṣe ìkùukùu, sà!" Percival á ké. "'Tí mo ti ń wò ọ́!'"

"Mo mọ̀. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ọjọ́ Àìkú pé. Aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn pẹ̀lú gíláàsì tíì oníyìnyín, torí pé Ọ̀gbẹ́ni Mabry ti sọ ọ́ fún gbogbo orí tó gẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Percival wọ kóòtù aláwọ̀ èsè àlùkò, irun rẹ̀ ń dán. Díkónì wọ dúdú láti òkè délẹ̀. Wọ́n dá orin. *Dorwilla, Dorwilla, yọjú lójú fèrèsé.* Fèrèsé ìsàlẹ̀ ṣí, Màmá Dorwilla yọ jáde tòun ti fìlà lórí.

Lemuel ń ṣe bọ́ọ̀m-bọ-bọ́ọ̀m tirẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́ nígbà tí fèrèsé òkè náà ṣí. Ọmọbìnrin tó háyà yàrá lókè lọ́dọ̀ Màmá Dorwilla ló yọrí. Vashti Pinkney ni. Bọ́ọ̀m há sí Lemuel lọ́fun.

Kò sí àyè láti kú. Ó ti kan Díkónì. Díkónì yọ fìlà.

"Dorwilla," ó ní, "ọ̀wọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí... Ó ti pẹ́ tí..." Ojú rẹ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn."

Gbogbo àdúgbò kérora.

"Ẹ tún un ṣe, Díkónì!" obìnrin kan kígbe lódìkejì.

Percival tún orin náà gbé. Ó tún kan Díkónì. Ó pa ojú dé kó má baà rí sánmà. "Dorwilla, ọ̀wọ́n mi. Ọ̀rinrin pọ̀ gan-an nínú..."

"Jésù," Thaddeus wí.

"Àmín," Otha wí. Wọ́n jọ fẹnu kò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Lemuel ò lè mú un mọ́ra. Ó sún mọ́ Díkónì lẹ́yìn, ó ní kí òun rọra sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Àmọ́ ohùn yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ rọra. "Ó TI PẸ́ TÍ MO TI Ń WÒ Ọ́ LÓKÈÈRÈ," ló jáde, gbogbo òpópó sì gbọ́ ọ.

Màmá Dorwilla na ọrùn. "Díkónì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni, àbí ọmọ gbígbẹ yẹn?"

"Èmi ni!" Díkónì bú jáde bí ọkọ̀ ojú irin. "Èmi ni, Dorwilla! Láti ọdún mọ́kànlá, èmi ni! Ẹ fẹ́ mi, kí òjò tó rọ̀!"

"Òjò wo?" Màmá Dorwilla bèèrè.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò ta sílẹ̀ ná, kò kìlọ̀. Ó kàn dà wálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Díkónì ti ń wí látàárọ̀. Àwọn èèyàn ń kó gíláàsì sá wọlé. Percival fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó pariwo, ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: irun tí kóòmù nà láti ọdún mẹ́ta ká jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rí rúgúdú bí irun àgùntàn, ó sì dára fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò tíì mọ̀. Ó ti sá dé ìkóríta.

"Ẹ wọlé, Josephus," Màmá Dorwilla wí. "Agbòjò wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ṣí i. Páì wà nílẹ̀." Ó ti fèrèsé.

Lemuel ṣẹ́kù nínú òjò. Nígbà tó gbé orí sókè, Vashti ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ!" ó ní. "Ṣebí odi ni ẹ́?"

Lemuel mi orí bó ṣe mọ̀ ọ́n mi.

"Má mi orí sí mi! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pariwo. Ọ̀gá mi ní kí n lọ rí dókítà ọ̀fun. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ 'ẹ ṣeun' lọ́wọ́ obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí tìẹ. Sọ̀rọ̀!"

Lemuel wá ọ̀rọ̀ orin náà kiri orí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Kò rí ìkankan. Ó la ẹnu, ohùn àgbá náà sì jáde.

"Ó máa ṣe tán lọ́jọ́ Ẹtì."

Vashti wò ó. Omi ń kán ní imú rẹ̀, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kọjú sí ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ gbà á, ó gbé e mì. Ó tún dé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Tún un sọ," ó ní.

"Ó máa ṣe tán lọ́jọ́ Ẹtì."

"Yé! Níbo lò ń kó o pamọ́ sí nínú ara yẹn? Wọlé kí òjò má baà pa ẹ́, ìwọ òpùrọ́ odi."

Oṣù Kẹfà ni Díkónì àti Màmá Dorwilla ṣègbéyàwó, Àwọn Tòlótòló ló sì kọrin níbẹ̀. Orin kejì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rìn; rédíò ò tilẹ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Percival gba Philadelphia lọ láti máa dá kọrin, ó di ẹni tó ń ta ilé. Àwọn ìbejì jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, wọ́n fa ìlà funfun sí àárín rẹ̀, olúkálukú ń gẹrun ní apá tirẹ̀.

Lemuel fẹ́ Vashti lọ́dún 1958. Ó fi ilé ìfọṣọ sílẹ̀, ó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló sì fi ń kígbe orúkọ ibùdókọ̀ láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn àgbà tí etí wọn ti le fẹ́ràn bọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ti ẹlòmíràn kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sùn ún ni pé ohùn rẹ̀ máa ń kun èèyàn lóorun. Ìgbà kan tó wo dígí rẹ̀ ní òpin ìrìn àjò, gbogbo èrò ló ti sùn lọ fọnfọn, tó fi mọ́ ọlọ́pàá kan tó di ẹlẹ́wọ̀n mú. Ẹlẹ́wọ̀n náà ló jí wọn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri onígíláàsì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń sáré. Lemuel fẹ́ gbé e lọ tún ṣe, Vashti kọ̀ jálẹ̀. Ó ní látìgbà tó ti dé ilé ìdáná òun, àwọn ò tíì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ibẹ̀ ló ṣì wà, lókè fíríìjì, ó ń sáré lọ.